Ẹ́ńjìnì tuntun nínú Cub Cadet àtijọ́: bí ẹ ṣe lè ṣe ṣáàfù tí kò ní já

Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnì Cub Cadet, katakata àgbàlá mi tó ti pẹ́, ó sì di dandan kí n ṣe ṣáàfù tuntun, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí gíà. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Mo wà lórí rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Georgia, mo ń gé koríko gun òkè, ni mo bá gbọ́ "gbà!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ́ńjìnì ń ké lọ ní tirẹ̀, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Nígbà tí mo yọ páànù àárín tí mo na ọwọ́ sábẹ́, ẹ̀tù rọ́bà sọ ìka mi di dúdú, ṣáàfù sì ti já sí méjì níbi ihò píìnì ẹ̀yìn (píìnì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń de ṣáàfù mú). Mo gbé ojú ibi tó já sí oòrùn, mo wò ó dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń dán, ó jọ̀lọ̀ bí ojú ọlọ. Igun kékeré kan ṣoṣo ló rí ṣákaṣàka. Apá tó ń dán yẹn ti ń sán díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí mo ti kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnì. Igun ṣákaṣàka yẹn nìkan ló kù tó ń gbé ẹrù lọ́jọ́ tó já.

Ṣáàfù náà kò tín-ín-rín jù. Ẹ́ńjìnì ni mo gbé ga ju ẹnu gíà (ọ̀pá kékeré tó yọ síta lára gíà) lọ, ní mílímítà 6 péré. Mo sì ti fi kọ́púlíìnì (ohun tó ń so ṣáàfù mọ́ gíà tàbí ẹ́ńjìnì) líle de ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé rọ́bà iwájú nìkan ló lè tẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ lọ, á tẹ̀ bọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan, wákàtí mẹ́rin ti di ìtẹ̀ 864,000. Irin wo ni kò ní rẹ̀ nínú ìyẹn?

Ohun tí ìjákulẹ̀ yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ: láti ẹnu gíà ni ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíà kò ní kúrò níbi tó wà, nítorí náà òun ló máa sọ ibi tí ẹ́ńjìnì á jókòó sí. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń kọ́kọ́ de ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ síbi tó bá rọrùn, ká tó wá máa wá ṣáàfù tó máa bá a mu. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú katakata tí mò ń sọ. Cub Cadet 1450 ni tèmi, èyí tí International Harvester ṣe láàárín àwọn ọdún 1970. Ọdún 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Cub Cadet jáde ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Kohler alágbára ẹṣin 7. Nígbà tó fi máa kan 1450, Kohler K321 onísílíńdà kan, alágbára ẹṣin 14, ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì ló ń gbé agbára lọ sí gíà nínú ọ̀pọ̀ katakata tí wọ́n fi ń gé koríko, ṣùgbọ́n nínú àwọn wọ̀nyí, ọ̀pá irin gbọọrọ kan ló ti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì lọ tààrà sí gíà. Òun ni àwọn mẹ́káníìkì wa nílé ń pè ní pùròpẹ́là nínú mọ́tò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò sí bẹ́líìtì tó máa yọ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n òun náà ló mú kí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì gba ọgbọ́n. Ẹni tó bá ní John Deere 318 tàbí katakata mìíràn tó ń lo ṣáàfù lè tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, kó sáà fi ìwọ̀n ti tirẹ̀ rọ́pò.

Ẹ́ńjìnì tí mo fi sí i jẹ́ onísílíńdà méjì, alágbára ẹṣin 22, irú èyí tí kráńkì rẹ̀, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì ń yí, dùbúlẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tú u

Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, kí ẹ sì fa wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Kí ẹ́ńjìnì àtijọ́ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi kálípà àti rúlà irin mú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí: gíga àárín ṣáàfù láti orí ṣáásì, níwájú àti lẹ́yìn, bí àárín ṣáàfù ṣe jìnnà sí ṣáásì apá òsì, níwájú àti lẹ́yìn, gígùn láti ojú fíláíwíìlì (irin róbótó wíwúwo tó wà lórí kráńkì) dé ojú kọ́púlíìnì gíà, àti ibi tí ojú púlì iwájú tó ń yí abẹ ìgékoríko wà. Mo máa ń fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ṣáásì fúnra rẹ̀. Bébà máa ń sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìwọ̀n iwájú gbọ́ tọkàntọkàn. Orí rọ́bà ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnì 1450 lé láti ilé iṣẹ́, kí ìgbọ̀n má bàa pọ̀, rọ́bà tó sì ti lé ní ogójì ọdún ti rì. Bí ẹ bá fi gíga ẹ́ńjìnì tó ti rì ṣe òdiwọ̀n ti tuntun, àṣìṣe àtijọ́ lẹ ń dà kọ. Ẹnu gíà ni ẹ̀rí tó dájú.

Bí mo ṣe ń mú ìlà gíà nìyí. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti jáde, ẹ yọ kọ́púlíìnì kúrò lẹ́nu gíà. Ẹ wá páìpù irin kékeré tí ihò rẹ̀ há mọ́ ẹnu gíà pinpin, kí ẹ fi ọ̀pá tó tọ́ tí gígùn rẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà bọ orí rẹ̀, kí ó nà dé ibi tí ojú fíláíwíìlì máa wà. Ẹ gbé páálí dúró níwájú ṣóńṣó ọ̀pá náà, ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ọn, kí ẹ wá fọwọ́ yí ẹnu gíà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pẹ́ńsù á ya òbìrìkítí kan sórí páálí. Kò sí ọ̀pá tó tọ́ pátápátá, ara tirẹ̀ náà á ti tẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ má wo ṣóńṣó rẹ̀. Àárín òbìrìkítí yẹn ni ìlà gíà gan-an. Ẹ wọn gíga rẹ̀ láti orí ṣáásì, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí apá òsì. Ìwọ̀n méjì yẹn ló ni gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Ìhà tí ẹ́ńjìnì ń yí sí

Nínú Cub Cadet, fíláíwíìlì ló kọjú sí ẹ̀yìn, òun ló ń yí ṣáàfù. Orí kráńkì kejì tó kọjú síwájú ló ń yí abẹ ìgékoríko. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn tí ẹ kọjú sí fíláíwíìlì Kohler yẹn, ó ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ́ńjìnì òde òní tó wọ́pọ̀, tí kráńkì rẹ̀ dùbúlẹ̀, ìhà kan náà ló ń yí sí bí ẹ bá kọjú sí fíláíwíìlì rẹ̀. Nítorí náà, bí àtijọ́ ṣe jókòó ni kí tuntun jókòó: fíláíwíìlì sẹ́yìn.

Ìdẹwò kan wà níbí tí mo mọ̀ dáadáa. Orí kráńkì kejì nípọn, ojú kíì (kòtò tí wọ́n ń ki irin kékeré sí kí nǹkan má bàa yí lórí ọ̀pá) ti wà lára rẹ̀, ó dà bíi pé ó ti ṣe tán láti gba kọ́púlíìnì. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ yí ẹ́ńjìnì po kí orí yẹn lè kọjú sí gíà. Ẹ má ṣe é. Gíà á máa yí sódì. Katakata onígíà ọlọ́wọ́ mẹ́ta á di èyí tó ń fi gíà mẹ́ta rìn sẹ́yìn, tó sì ń fi ẹyọ kan rìn síwájú. Ti háídírò, gíà tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára, tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pọ́ǹpù kékeré tó ń fi ọ́ìlì bọ́ ọ kò ní lè fa ọ́ìlì bó ṣe yẹ, kò sì ní rìn síbì kankan.

Ìjókòó ẹ́ńjìnì

Ẹ wọn láti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì tuntun dé àárín kráńkì rẹ̀. Ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú gíga ìlà gíà, ohun tó bá kù ni gíga tí ìjókòó gbọ́dọ̀ ní lórí ṣáásì. Tó bá jẹ́ pé kò kù nǹkan kan, tí ẹ́ńjìnì tuntun ga jù, ìjókòó gbọ́dọ̀ wọ àárín irin ṣáásì méjèèjì lọ sísàlẹ̀. Ẹ má gbé ẹ́ńjìnì sókè kí ẹ sì máa retí pé rọ́bà á gba ìyókù.

Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 10 ni mo fi ṣe ìjókòó tèmi. Mo gé ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ gùn ní ìbú, kí n lè sún ẹ́ńjìnì sọ́tùn-ún sósì ní mílímítà 5 sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Fún gíga, ẹ gé pẹlẹbẹ irin tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má to wáṣà léra wọn, ẹ́ńjìnì máa ń gbọ̀n wọ́n jáde. Mo de tèmi mọ́ irin láìsí rọ́bà lábẹ́ rẹ̀, torí onísílíńdà méjì kì í gbọ̀n bíi ti onísílíńdà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rọ́bà lè fi sí i, àmọ́ kó mọ̀ pé ẹ́ńjìnì tó wà lórí rọ́bà ń sún nígbà gbogbo, dandan sì ni kí ṣáàfù rẹ̀ ní rọ́bà kọ́púlíìnì níwájú àti lẹ́yìn.

Kí ẹ tó mú bọ́ọ̀tì le, ẹ wo ibi tí ẹ ó ti máa tú ọ́ìlì dànù. Mo ti rí ìjókòó tó lẹ́wà tó dí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì pa.

Họ́ọ̀bù tó ń so fíláíwíìlì mọ́ ṣáàfù

Iṣẹ́ tó le jù nìyí, òun ló sì yẹ kí ẹ náwó sí. Lójú fíláíwíìlì ẹ́ńjìnì tuntun, ẹ ó bá àwọ̀n oníke tó ń dí koríko. Lábẹ́ rẹ̀ ni fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnì wà, pẹ̀lú bọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ fíláíwíìlì àti nọ́ọ̀tì ńlá kan láàárín tó di fíláíwíìlì mú mọ́ kráńkì.

Nọ́ọ̀tì ńlá yẹn máa ń tan èèyàn. Á dà bíi pé kéèyàn kàn yí họ́ọ̀bù sí ojú tírẹ́ẹ̀dì kráńkì, kó sì fi ṣáàfù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: kráńkì ń yí bí ọwọ́ aago, ẹrù sì ń fa họ́ọ̀bù sẹ́yìn, lódì sí ọwọ́ aago. Ìhà tí a ń yí nọ́ọ̀tì sí nígbà tí a bá fẹ́ tú u gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ti gun òkè lẹ́ẹ̀mélòó kan, nọ́ọ̀tì á tú, fíláíwíìlì á sì dẹ̀ lórí kráńkì. Bọ́ọ̀tì tó wà káàkiri fíláíwíìlì ni kó gbé ẹrù. Kí nọ́ọ̀tì àárín máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ẹ má lu ihò tuntun sára fíláíwíìlì. Ó lè sán, ìwọ̀n ọ̀tún àti òsì rẹ̀ sì lè máa ṣe ségesège. Fíláíwíìlì tó bá fọ́ ní ìyípo 3,600, ìbọn ni. Ihò bọ́ọ̀tì fáànù tó ti wà níbẹ̀ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú bọ́ọ̀tì tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ àti búùṣì irin tó gba àárín ike fáànù kọjá, kó má jẹ́ pé ike ni bọ́ọ̀tì ń fún mọ́lẹ̀. Ike máa ń rọ̀ bí iná bá mú un, bọ́ọ̀tì á sì dẹ̀.

Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ irin róbótó. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi ni irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jókòó sórí fíláíwíìlì, tí àárín rẹ̀ yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì ní apá méjì tó máa gba rọ́bà. Mo yan ẹsẹ̀ mẹ́ta dípò irin róbótó tó dí nítorí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́ tó ń tù ú. Irin tó bá bò ó á mú kí orí sílíńdà gbóná títí tí yóò fi nọ́ọ̀kì, oníṣẹ́ á sì máa rò pé ọ́ìlì ló fà á. Ẹ da àwọ̀n irin padà síwájú rẹ̀ kí koríko má bàa wọlé.

Họ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí ẹnì kan rọ fún mi, ojú kò lè rí àléébù rẹ̀. Mo gbé aago ìwọ̀n sí i, mo fọwọ́ yí fíláíwíìlì, ọwọ́ aago náà rìn tó ìdajì mílímítà. Mo dá a padà. Èyí tí mo gbà kò yẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má gba ohun tó ju bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní aago ìwọ̀n lè gbé ṣóńṣó ìṣó kan sún mọ́ họ́ọ̀bù, kó fi ewé irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì wo àlàfo tó wà láàárín wọn bó ṣe ń yí i. Ibi tó fẹ̀ jù àti ibi tó há jù ni kó yọ kúrò lára wọn.

Ṣáàfù fúnra rẹ̀

Irin 5/8 íǹṣì, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 16, ló wà nínú tèmi tẹ́lẹ̀. Ó tó fún agbára ẹṣin 14. Bí ẹ bá gbé 22 sí i ní ìyípo kan náà, agbára tó ń lọ́ ṣáàfù á di ìlọ́po 1.57. Irin 3/4 íǹṣì sì lágbára tó ìlọ́po 1.73 ti 5/8 nínú lílọ́, torí agbára ọ̀pá ń bá ìpọn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí tí mo fi lọ sí 3/4 nìyẹn: ohun tí ẹ́ńjìnì fi kún un, irin náà fi kún un, ó sì kù díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnu gíà kò yí padà ṣá o. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tó wà lẹ́nu gíà á ní ìwọ̀n ti gíà, họ́ọ̀bù tó wà lórí ṣáàfù á ní ìwọ̀n 3/4, rọ́bà á sì so wọ́n pọ̀.

Gígùn náà ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í rò ó. Ọ̀pá tó bá gùn tó sì tín-ín-rín ní ìyípo kan tí á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí okùn tí àwọn ọmọdé ń fò. Fún irin mílímítà 16, bí gígùn láàárín rọ́bà méjèèjì bá jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, ìyípo yẹn tó 7,600 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkàn yín balẹ̀. Ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó já sí 5,300. Ní 70 sẹ̀ǹtímítà, ó di 3,900 péré, èyí sì ti sún mọ́ 3,600 tí ẹ́ńjìnì ń yí jù. Ẹni tí ṣáàfù rẹ̀ bá ní láti gùn tó 70 gbọ́dọ̀ lo irin tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kó fi béárì gbé àárín rẹ̀.

Irin tí mo fẹ́ ni èyí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ti dán ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ béèrè fún irú irin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1045 tàbí 1144. 1018 náà á ṣe é fún ẹ́ńjìnì kékeré. Ẹ má lo irin ìkọ́lé, ẹ má lo ọ̀pá tí wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì sí láti òkè dé ilẹ̀, ẹ má lo páìpù omi. Tí àtijọ́ bá kúrú díẹ̀, á wù yín kí wẹ́dà lẹ irin mọ́ ọn lórí. Mo bẹ̀ yín, ẹ ra irin tuntun. Ibi tí wẹ́dà ti lẹ ọ̀pá mọ́ ọ̀pá lórí ni yóò kọ́kọ́ sán, kò sì ní tọ́ mọ́. Owó irin tuntun tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 kò tó owó táńkì epo kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ gígùn tó yẹ kí ẹ gé, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ onígi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ de ẹ́ńjìnì sí ìjókòó, ẹ to họ́ọ̀bù àti rọ́bà gbogbo, kí ẹ gé igi náà títí yóò fi wọ àárín wọn, tí àlàfo mílímítà 2 sí 3 á sì ṣẹ́ kù lápapọ̀. Àlàfo yẹn kì í ṣe àìbìkítà. Irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná, bí ṣáàfù bá sì há, á máa ti kráńkì síwájú, á máa ti béárì gíà sẹ́yìn. Igi kò tó nǹkan tí ẹ bá gé e kúrú jù. Irin ni ẹ ó kẹ́dùn bí ẹ bá gé e kúrú jù.

Ihò píìnì

Ibi tí ṣáàfù mi já nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ìpọn píìnì kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìpọn ṣáàfù lọ. Nínú irin 3/4, píìnì 1/4 íǹṣì bá a mu gẹ́lẹ́. Nínú 5/8, píìnì 1/4 ti jẹ irin púpọ̀ jù. 3/16 ló yẹ ẹ́. Ẹ yan píìnì tí wọ́n yí po bí ẹní tí wọ́n ká, ó ń fara da jìgìjìgì ju èyí tó ní àlàfo kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ má fi dírílì ọwọ́ lu ihò yìí. Ihò tó bá yẹ̀ kúrò ní àárín á mú kí apá kan ṣáàfù fẹ́lẹ́ ju ìkejì. Ẹ gbé ṣáàfù àti họ́ọ̀bù pọ̀ sórí irin oníkòtò V lábẹ́ dírílì tó dúró lórí tábìlì, ẹ de méjèèjì kí wọ́n má yí, kí ẹ fi ẹnu dírílì 1/8 ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni 15/64, kí ẹ wá fi abẹ ìdánhò 1/4 parí rẹ̀. Ọ́ìlì díẹ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí ó bá gba ibẹ̀ jáde, ẹ máa rí etí ihò tó mú bí abẹ. Ẹ fi fáìlì róbótó kékeré pa etí yẹn rẹ́ yíká, kó rọ́ díẹ̀. Etí mímú yẹn ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i kedere lára tèmi tó já: gbogbo ìlà tó wà lójú ibi tó ń dán ló ń tọ́ka padà sí etí ihò.

Mo fi kíì 3/16 kún tèmi pẹ̀lú bọ́ọ̀tì kékeré méjì tó dì í mú, kó má jẹ́ pé píìnì nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí n sùn.

Títò ó pọ̀

Rọ́bà kọ́púlíìnì jẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi aṣọ kún inú rẹ̀, ihò mẹ́rin ló ní. Apá méjì họ́ọ̀bù ẹ́ńjìnì mú ihò méjì tó kọjú síra, apá méjì ti ṣáàfù mú méjì yòókù. Wáṣà gbígbòòrò ni kó kan rọ́bà, kí nọ́ọ̀tì tí kì í tú wà lórí rẹ̀. Ẹ má fún un títí rọ́bà á fi wú jáde lábẹ́ wáṣà. Ẹ fọwọ́ yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ rí i pé orí bọ́ọ̀tì kankan kò kan apá kejì. Bọ́ọ̀tì tó wọ fíláíwíìlì ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì aláwọ̀ búlúù sí, èyí tí sípánà ṣì lè tú.

Kí ẹ tó mú ìjókòó le pátápátá, ẹ fi ìlà gíà wo ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹ̀ ìwọ̀n-ìgun (digíríì) 1 lórí ṣáàfù 50 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ mílímítà 8.7. Bí rọ́bà bá wà ní iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n á gbé e fún ìgbà díẹ̀. Èmi kì í fi í sílẹ̀ títí yóò fi wà láàárín mílímítà 2, lókè-nílẹ̀ àti lọ́tùn-ún-lósì. Sísún ẹ́ńjìnì gba mí ní ọ̀sán kan gbáko.

Ìdánwò

Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn katakata, kí ẹ gbé e lé irin ìdúró, táyà kó má kan ilẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ da ìbòrí ṣáàfù padà kí ẹ tó tan iná, ẹni kankan má sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ṣáàfù, torí ẹ̀gbẹ́ ni irin tó bá já máa ń fò sí. Kò sí agbádá, kò sí ìborùn, kò sí okùn ṣòkòtò tó ń fì.

Ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kó wà lórí síló fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fọwọ́ kan ṣáásì, kì í ṣe ṣáàfù. Ẹ wá fún un níná díẹ̀díẹ̀ dé òkè. Ìgbọ̀n tó bá ń pọ̀ bí ìyípo ṣe ń pọ̀ jẹ́ ẹjọ́ họ́ọ̀bù tó yẹ̀ tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba. Èyí tó bá yọjú ní ìyípo kan tó sì lọ bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ìjókòó tàbí páànù kan ló ń dá a lóhùn. Ìró "gàgàgà" tó ń wá bí ẹ bá fi gíà sí i nìkan, píìnì tó dẹ̀ ni. Ẹ pa á, ẹ sì tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn wákàtí kan lórí ilẹ̀, ẹ mú gbogbo bọ́ọ̀tì le lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi aṣọ funfun nu orí ṣáásì lábẹ́ rọ́bà méjèèjì kó mọ́ tónítóní. Ní gbogbo wákàtí mẹ́wàá, ẹ tún fi aṣọ nu ibẹ̀. Bí aṣọ bá jáde ní dúdú fún ẹ̀tù rọ́bà, ẹ́ńjìnì ti sún kúrò lórí ìlà. Ẹ má wulẹ̀ ra rọ́bà tuntun, ẹ padà sí ìjókòó ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi pẹlẹbẹ irin tún gíga rẹ̀ ṣe.